Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀pá ìwọ̀ Amẹ́ríkà lọ sí Sábẹ̀

Ọjọ́ kìíní. Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Èrèlé. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ilẹ̀ Benin

Ó ti pé ọdún 18 tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń gbé ní California. Nígbà tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àpótí mẹ́ta ló gbé wọlé, gbogbo ilé sì rọ̀gbà yí wọn ká. Ó ṣí àkọ́kọ́, aṣọ ni. Ó ṣí èkejì, bàtà àti oògùn ara ríro fún àwọn àgbà. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ọ̀pá ìwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń ká okùn, àti páálí kékeré kan tó kún fún ẹja onírọ́bà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ti fi ìwọ̀ há nínú. Ìyá mi wo páálí yìí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n sọ fún ẹ pé a ò rẹ́ja rà mọ́ l'Ájàṣẹ́ ni?"

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n máa ń lọ pẹja ní California, ní adágún ńlá kan tí wọ́n sé odò sí. Ó ní ìjọba ló ń tọ́ ẹja tí wọ́n ń pè ní trout nínú ọgbà, tí wọ́n á fi ọkọ̀ ńlá tó ní táǹkì gbé e wá dà sínú adágún náà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀. Ẹja márùn-ún ni wọ́n gbà á láyè láti mú lóòjọ́ níbi tó ń lọ. Ẹja mìíràn tí wọ́n ń pè ní bass náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọmọ California, láti apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá láyé àtijọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń da ẹja sómi tí wọ́n sì tún ń fà á jáde. Ó ní kí èèyàn lè ṣeré ni. Eré! Ọ̀rọ̀ kan yìí ló bá wa rìn dé Sábẹ̀ (Savè), ìlú Yorùbá kan láàárín ilẹ̀ Benin, mo máa tó débẹ̀.

Ojúlùmọ̀ mi kan ló sọ fún wa pé bàbá kan wà ní Sábẹ̀ tó sé omi, tó da ẹja sí i, tó sì ń jẹ́ kí àlejò fi ìwọ̀ pa á kí wọ́n sanwó kílò. Kí a tó lọ, mo mú ẹ̀gbọ́n dé Songhaï, oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ouando l'Ájàṣẹ́, kó lè rí irú ẹja tí à ń sìn nílẹ̀ yìí. Àlùfáà Godfrey Nzamujo ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1985, kò sì sí ẹni tó dàgbà l'Ájàṣẹ́ tí kò ní ìbátan kan tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ rí. Wọ́n kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò: ìgbẹ́ adìyẹ àti ìdọ̀tí oko ni eṣinṣin ń yé sí, ìdin ibẹ̀ lẹja ń jẹ, omi ẹja ni wọ́n tún fi ń bomi rin ẹ̀fọ́.

Ẹ̀gbọ́n bi ọmọkùnrin tó ń mú wa káàkiri bóyá wọ́n ní trout, ó sì fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù: ẹja aláwọ̀ fàdákà, ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmì dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lẹ́yìn. Ọmọ náà ní, "Ó rẹwà o. Àrọ̀ àti ẹpìyà la ní." Ẹ̀gbọ́n yọ tẹmọ́mítà lápò, ó tì í bọ omi. Ó fi 28°C hàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láàárín 12 sí 16 ni ara trout ti ń yá jù, pé tí omi bá ti kọjá 20, ara rẹ̀ ò lélẹ̀ mọ́, tó bá sì sún mọ́ 25, ikú ló kàn. Omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ sínú, afẹ́fẹ́ yẹn ni trout sì ń mí. Ọmọ náà na ìka sí àrọ̀ kan tó yọ ẹnu síta, tó gbé afẹ́fẹ́ mì, tó sì padà sísàlẹ̀. Ó ní, "Ti wa ò wojú omi."

Ọjọ́ kejì. Ọjọ́rú, 12. Lójú ọ̀nà

Aago márùn-ún ìdájí la jáde. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, 1,000 fáráǹkì. Kútọnu sí Sábẹ̀, 6,000 lórí ẹnìkan, a sì fi 1,000 kún un nítorí ike gígùn tí ọ̀pá ìwọ̀ wà nínú rẹ̀. Dẹ̀rẹ́bà ní nǹkan tó bá gùn tó yẹn, èrò ni. Ẹ bá wọn nájà, a ò nájà dáadáa.

Ike yìí fẹ́ kó bá wa. Níwájú Allada, wọ́n dá wa dúró, ọlọ́pàá kan wo òkè ọkọ̀, ó ní ká sọ ike yẹn kalẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń fi Faransé tó ti dìpẹtà ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ideri ike ò sì tètè ṣí. Nígbà tí ọ̀pá yọ síta, ọkùnrin náà gbà á, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ó yí kẹ̀kẹ́ okùn, ojú rẹ̀ sì yí padà sí tọmọdé. Ó ní létí odò ni wọ́n bí òun. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mẹ́ta sórí okùn kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ìyá kan lẹ́yìn ọkọ̀ ní tó bá jẹ́ ìbọn ni, à bá ti lọ tipẹ́.

Iyán la jẹ ní Ìdáàṣà, nísàlẹ̀ àwọn òkè wọn: iyán 300, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú wàgáṣì gígé méjì 400. Wàgáṣì yẹn, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n fi pòròpórò ọkà bàbà pa láró pupa, tí wọ́n sì dín, ẹ má fò ó. Ẹ̀gbọ́n jẹ iyán ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sì sùn dé Glazoué. Ariwo ló jí i níbẹ̀, nítorí Ọjọ́rú lọjọ́ ọjà Glazoué: iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, ọkọ̀ akẹ́rù lọ́tùn-ún lósì, ewúrẹ́ lórí ọkọ̀. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi rìn ibi tí kò ju kìlómítà méjì lọ. Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ fẹ́ tètè dé, ẹ má gba ibẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Bó bá sì jẹ́ iṣu lẹ fẹ́ rà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gba ibẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù la rí òkè Sábẹ̀. Àpáta ràbàtà ràbàtà, ó lọ́pọ́n, ó jókòó sáàárín ìlú bí àgbà tí kò ráyè ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Orí àwọn òkè yìí làwọn baba wọn ń sá sí nígbà ogun Dahomey. Yorùbá Sábẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa l'Ájàṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni ò ṣòro. Ìyàwó bàbá ẹlẹ́ja bu omi fún wa, ó kí wa kú ìrìn títí ó fi rẹ̀ wá, ó wá bèèrè ohun tó wà nínú ike.

Ọjọ́ kẹta. Ọjọ́bọ̀, 13. Adágún

Ọyẹ́ mú láàárọ̀. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, ẹ má gbà á gbọ́ pé ilẹ̀ gbígbóná ni. Orí ọ̀kadà la fi ogójì ìṣẹ́jú dé adágún, eruku pupa sì sọ wá di ará ilé kan náà.

Bàbá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gbé èrò láti Kútọnu gba Sábẹ̀ lọ sí Parakou. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn tán, ó fi owó rẹ̀ gbé ògiri erùpẹ̀ dínà ipadò kan tó máa ń gbẹ lọ́dọọdún. Bàráàjì làwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Òjò á kún un, bàbá á ra ọmọ ẹja dà sí i, ẹpìyà lọ́pọ̀ jù, àrọ̀ díẹ̀. Ìyá ló ń bọ́ wọn. Òfin wọn ò pọ̀: 1,000 fáráǹkì lórí ẹnìkan kó tó ju ìwọ̀, 2,000 lórí kílò ẹja kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀n, kò sì gbọdọ̀ sí ọṣẹ nínú omi.

Ẹ̀gbọ́n ju ẹja onírọ́bà rẹ̀ láti aago méje. Ó jù ú jìnnà, ó fà á wá wérewére, ó jù ú, ó fà á. Ó pààrọ̀ pupa sí funfun, funfun sí èyí tó ní ìrù. Èmi jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí ẹpìyà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tó fi ẹnu kọ́ ìwọ̀, mo rò pé ọ̀nà ló ṣì. Ẹ̀gbọ́n mú un, ó ya àwòrán rẹ̀, ó rọra yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ padà sínú omi.

Bàbá fò dìde lórí àpótí rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí lo ṣe yẹn?"

"Mo dá a padà ni, Bàbá."

"O dá a padà? Ó bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dàgbà sí i."

"Ẹnu rẹ̀ tí ìwọ̀ ti lu, ta ni yóò bá mi tọ́jú rẹ̀? Tó bá léfòó lọ́la ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni mo fẹ́ gba owó mi?"

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ẹja tí a bá dá padà dáadáa kì í kú, pé kí ọwọ́ tutù kó tó kàn án ni, kí a má fi ilẹ̀ gbígbẹ kàn án. Bàbá ò gbà. Ó ní ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé búrẹ́dì, tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó gbé e padà sórí àtẹ, ó ti ra búrẹ́dì. Kí n sòótọ́, ọ̀dọ̀ bàbá ni mo wà. Adágún ti ẹ̀gbọ́n ń lọ, owó ìlú ló ra ẹja ibẹ̀. Èyí, owó ìfẹ̀yìntì ẹnìkan ni, ó sì mọ iye tó dà sómi.

Ìyá ló parí ẹjọ́. Ó ní kí ẹni tó bá dá ẹja padà san ìdajì owó rẹ̀. Bàbá fẹ́ janpata, ìyá fà á létí sún mọ́ra, mo sì gbọ́ ohun tó sọ: "Ẹja kan, owó méjì. Jẹ́ kó máa dá a padà."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá gbé abọ́ oúnjẹ ẹja, ó fi ṣíbí lu agolo mílíìkì ofìfo, kó, kó, kó. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Omi tó ti parọ́rọ́ látàárọ̀ hó bí ìkòkò. Ẹja ń gun ara wọn, ẹnu wọn funfun lójú omi. Ẹ̀gbọ́n dúró, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹnu yíyà. Ó tún ju ẹja onírọ́bà rẹ̀ sáàárín wọn. Kò sí ẹyọ kan tó wò ó.

Ọjọ́ kẹrin. Jímọ̀, 14. Ìjẹ

Òru ló ti rántí. Ó jí mi láago márùn-ún láti sọ fún mi.

Trout tí wọ́n ń dà sí adágún wọn, inú ọgbà ni wọ́n ti dàgbà, oúnjẹ oníhóró ni wọ́n fi bọ́ wọn. Tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà wọ́n sómi, wọn ò tíì mọ kòkòrò lóúnjẹ. Nítorí náà làwọn tó ń tajà ìwọ̀ ṣe ń ta ìjẹ kan nínú ìgò, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò, ó ní òórùn, ó sì máa ń léfòó. Ìgò kan wà nísàlẹ̀ páálí rẹ̀. Ẹpìyà ìyá náà, oúnjẹ oníhóró ni wọ́n jẹ dàgbà. Àbí kí lẹ̀kọ̀ọ́ mìíràn tí wọ́n lọ?

A so òjé kékeré mọ́ okùn, a fi bí ẹsẹ̀ kan àbọ̀ jìnnà sí ìwọ̀ kí ìjẹ lè léfòó kúrò nínú ẹrẹ̀. Kí oòrùn tó gòkè, ẹja mẹ́rin. Kí a tó lọ sí mọ́ṣáláṣí fún Jímọ̀, mẹ́sàn-án. Ìgò sì tán.

Ìyá gbóòórùn ìgò òfìfo náà, ó wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ohun tó ṣe rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú: ó lọ oúnjẹ ẹja oníhóró kúnná, ìwọ̀n ife méjì, ó fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì ife kan sí i, ó ta epo díẹ̀, ó fi omi gbígbóná pò ó títí kò fi lẹ̀ mọ́wọ́ mọ́. Tiẹ̀ kì í léfòó, nítorí náà ẹ so ìyẹ́ adìyẹ tàbí ègé fóòmù mọ́ okùn lókè kó gbé e sókè. Ó di ìkìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ewúrẹ́ rí i. Ewúrẹ́ rí i.

Ẹ̀gbọ́n ní lọ́hùn-ún àwọn kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ń gbé trout, tí wọ́n á ti dúró létí omi kí ó tó dà wọ́n sílẹ̀, àwọn apẹja gidi kì í sì í kà wọ́n sí. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ àwọn yẹn sí àwa tá à ń ju ìwọ̀ bí agolo ìyá bá ti dún. Ó ní kí n gbé okùn mi sókè, ẹja ti ń jẹ ẹ́.

Lálẹ́, lẹ́bàá iná, ó ń ròyìn bass fún wọn. Ó ní akọ rẹ̀ ló ń gbẹ́ ìtẹ́ sílẹ̀, abo á yé ẹyin lọ, akọ á dúró ṣọ́ ẹyin àti ọmọ, kódà á kọlu ohun tó jù ú lọ. Ìyá ní ti ẹpìyà yàtọ̀, abo ló ń kó ẹyin sẹ́nu, inú ẹnu yẹn náà làwọn ọmọ ń sá wọ̀ bí ewu bá dé, kì í sì í jẹun dáadáa títí wọ́n á fi tó rìn. Ó yíjú sí bàbá. "Ẹ̀yin gbọ́ ti bass yẹn?" Bàbá ní oorun ń kun òun.

Ọjọ́ karùn-ún. Àbámẹ́ta, 15. Olè, àti òjíjí

Ìparí adágún lọ́hùn-ún, níbi tí kùkùté igi tó kú wà nínú omi, bàbá ní ká má ṣe ìyọnu, ẹja ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní irú ibẹ̀ gan-an ni bass máa ń lúgọ sí. Ó ju àkèré onírọ́bà sí ẹ̀gbẹ́ kùkùté, ó jẹ́ kó dúró, ó mì ín díẹ̀. Omi bẹ́. Ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ.

Nígbà tó fà á dé etí omi, mo sún sẹ́yìn. Ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ti ejò, ara rẹ̀ dúdú tòun ti àmì, eyín sì kún ẹnu rẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ó ń kọrin. Ó wólẹ̀ láti dá a padà.

"Ìwọ!" Bàbá ti ń sáré bọ̀ lórí ògiri, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. "Tó o bá dá ìyẹn padà, ìwọ náà á bá a lọ!"

Olè ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó dà á sómi, àgbàrá òjò ló gbé e wá láti ipadò òkè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa jẹ ọmọ ẹpìyà tí bàbá fowó rà. Tí omi bá fà, ó lè mí afẹ́fẹ́, kò ní kú. Bàbá ti fi ìgèrè dẹ ẹ́ títí, kò wọ̀ ọ́. Bí bass tí ẹ̀gbọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta yìn létí wa ṣe ń ṣe àwọn ẹja kékeré ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Mo sọ ọ́, kò dáhùn.

Olè ò ní owó kílò. Fún ìkọ̀ọ̀kan tí a bá pa, iṣu kan. Iṣu mẹ́ta la jẹ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá yan olè kan fún wa. Ẹran rẹ̀ le, ó sì dùn, kò ní egungun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bíi ti ẹpìyà.

Ó yẹ ká dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ fojú kan odò Wẹ̀mẹ̀. Oṣù yìí, odò náà ti fà, àpáta ti yọ sókè, omi tó kù dá dúró ní kòtò kòtò. Ẹkòló la fi ṣe ìjẹ. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, okùn rẹ̀ wúwo, kò jà, ó kàn ń fà. Ẹja tó yọ sanra, ara rẹ̀ ń dán láìní ìpẹ́, ojú rẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ nípọn. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àrọ̀ ni," ó sì fi ọwọ́ tútù mú un ní ọrùn.

Igbe tó ké, ẹyẹ fò lórí igi. Ó jókòó sínú omi, ọwọ́ rẹ̀ ká jọ, kò lè sọ̀rọ̀. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lápá kejì fi àpáta sọdá, kò tiẹ̀ sáré. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó fi igi ti ẹja náà padà sódò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra apá ẹ̀gbọ́n.

"Òjíjí ni. Ẹ̀yin ò ní i lọ́dọ̀ yín?"

Gbogbo Yorùbá ló mọ òjíjí lórúkọ, ẹja tó ń gbọn èèyàn bí iná mànàmáná, ṣùgbọ́n mímọ orúkọ àti mímọ ojú kì í ṣe ọ̀kan náà. Àmì rẹ̀ rèé kẹ́ ẹ má bàa jìyà: àrọ̀ ní lẹ́bẹ́ gígùn lẹ́yìn, òjíjí ò ní, àfi lẹ́bẹ́ kékeré kan nítòsí ìrù. Tí okùn bá tutù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ gé e. Ọkùnrin náà kọ̀, kò gba owó. Ó tún fún wa ní ọ̀bọ̀kún méjì nítorí, ó ní, alẹ́ ti lẹ́, àlejò ò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gbọ́n ò gbé apá rẹ̀ dáadáa títí di ìgbà ìṣá.

Ìyẹn ni ẹja kan ṣoṣo tí a dá padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kẹfà. Àìkú, 16. Àbọ̀

Ìyá ti fín ẹja wa lóru, ó fi ewé wé e, ó fi okùn dì í. A ṣírò owó: ìwọlé ọjọ́ mẹ́ta, ẹja tí a mú, ìdajì àwọn tí a dá padà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17,500 fáráǹkì. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, kò sí ṣéńjì 10,000 lábúlé. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá kan àti àkèré onírọ́bà sílẹ̀ fún bàbá nítorí olè. Bàbá gbà á, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì bíi ti ọlọ́pàá Allada.

Ọ̀nà dáa, Glazoué dákẹ́, táyà bẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn Bohicon. A dé Àjàṣẹ́ láago mẹ́jọ alẹ́.

Ìyá mi tú ewé, ó kà á.

"Méje. Ẹ̀yin tí ẹ lo ọjọ́ mẹ́fà?"

"A pa mọ́kàndínlógún, Mọ́mì," ẹ̀gbọ́n dáhùn. "A dá méjìlá padà."

"Ẹ ò sanwó àwọn yẹn?"

"Ìdajì ni, Mọ́mì, àyàfi ọ̀kan."

Ó wò wá, èmi àti òun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di ewé padà, ó gbé ẹja wọ ilé ìdáná, ó sì ti ilẹ̀kùn.